Ọjọ́ Tí Pupa Ìṣápá Di Aró Lójú Mi

Abọ́ funfun ni Àǹtí Ràfátù fi gbé e kalẹ̀ ní ilé ìdáná wa ní Ìgàndó. Omi ìṣápá tí a ń pè ní sóbò ló wà nínú rẹ̀, ó pupa, ó sì mọ́ gaara débi pé mo ń rí òdòdó tí wọ́n yà sí ìsàlẹ̀ abọ́ náà. Àǹtí mi fi ìka méjì fọ́ kán-ún díẹ̀, ó wọ́n ọn sí i, ó fi ṣíbí rò ó. Kí ṣíbí tó yí po lẹ́ẹ̀kejì, pupa náà ti lọ. Ó kọ́kọ́ di elésè àlùkò, ó di aró, aró náà sì ṣú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kun mọ́tò ní ọ̀dà. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ iṣẹ́ ni mo ti ń po àwọ̀ pọ̀, mo sì mọ̀ pé bí o bá fẹ́ kí pupa di aró, àfi kí o da aró lé e títí yóò fi bò ó mọ́lẹ̀. Kán-ún kì í sì í ṣe aró. Ó jọ eérú tó gbẹ. Níbo wá ni aró ti wá? Mo mú ọsàn wẹ́wẹ́ tí ìyàwó mi gé sílẹ̀ fún ẹja, mo fún un sínú abọ́ náà. Ó hó díẹ̀, pupa sì padà wá bí ẹni pé kò lọ síbì kankan.

"Àkànní, kí lo ń fi oògùn rẹ ṣeré fún?" ni Àǹtí mi wí.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ inú oúnjẹ ti gbà mí lọ́kàn, kò sì tíì fi mí sílẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lè mọ ìdí tí abọ́ sóbò kan fi mú àgbàlagbà dúró bí ère, ẹ jẹ́ kí n padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mò ń kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tó sì rò pé ayé òun ti parí.

Ẹ̀yìn ọrùn ló ti bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá jí, á wúwo bí ẹni pé wọ́n so ó mọ́ ìrọ̀rí. Tí oòrùn bá yọ, á fi mí sílẹ̀. Mo ní tínà tí a fi ń po ọ̀dà ni. Ẹni tó bá ń fọ́n ọ̀dà lójoojúmọ́ kò lè sọ pé òórùn tínà kì í gun òun lórí. Lẹ́yìn náà ni àbàwọ́n kan wọ ojú ọ̀tún mi. Kò dùn mí rárá. Ó kàn dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ìka elépo kan gíláàsì. Ibikíbi tí mo bá wò, ó ń bá mi lọ síbẹ̀.

Mọ́tò aláwọ̀ fàdákà kan ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ti fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ họ géètì. Ṣẹ́gun na ilẹ̀kùn rẹ̀ tán, èmi sì kùn ún. Ṣẹ́gun ni pánẹ́bítà tí a jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan náà lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòtún. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, mùsùlùmí ni mí, Alájì ló sì máa ń pè mí nítorí ó mọ̀ dájú pé n kò tíì dé Mẹ́kà. Ó rìn yí mọ́tò náà ká, ó tún rìn yí i ká.

"Alájì, ta ló po ọ̀dà yìí?"

"Ta tún ni? Kí ló dé?"

"Ilẹ̀kùn ń sọ Yorùbá, ara mọ́tò ń sọ Haúsá."

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ojú pánẹ́bítà mọ òòlù ṣá, kò mọ àwọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, tí mo fi tòsì nìkan wò ó, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Ilẹ̀kùn náà ti ní aró díẹ̀ nínú, ara mọ́tò kò sì ní in. Kò sí oníbàárà kankan tó dá mọ́tò padà fún mi rí nítorí àwọ̀. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ po ọ̀dà pàápàá máa ń rán ènìyàn sí mi pé kí n fi ojú bá wọn tún un ṣe. Ojú yìí ni mo fi ń jẹun, òun náà ni mo fi ń yangàn. Mo jókòó sórí táyà kan.

Ìyàwó mi, Sìkírátù, kò jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ náà sùn. Lẹ́yìn ìrun àsùbá a ti dé ọsibítù ìjọba, síbẹ̀ bẹ́ǹṣì ti kún. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìlà ọsibítù ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ tọ̀ á fi bàtà ẹsẹ̀ kan sí ààyè rẹ̀, bàtà náà sì ní ẹ̀tọ́ bí ènìyàn; tí bẹ́ǹṣì bá sún, wọ́n á bá a sún bàtà rẹ̀. Nígbà tó kàn mí, nọ́ọ̀sì di nǹkan mọ́ mi lápá, ó wo ẹ̀rọ, ó tú u, ó dì í mọ́ apá kejì, ó ní kí n má sọ̀rọ̀. 196 lórí 118. Ó bi mí pé ta ló tẹ̀ lé mi wá.

Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, obìnrin kan tí kì í kánjú. Ó kán oògùn sí mi lójú, ó fi iná kékeré kan wo inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ti jò sẹ́yìn ojú ọ̀tún yín," ló wí. "Inú ojú nìkan ni mo ti lè rí òpó ẹ̀jẹ̀ yín láì fi abẹ kàn yín. Bí ìyà ṣe ń jẹ àwọn tí mo rí yìí, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ àwọn tó wà nínú ọpọlọ àti kíndìnrín yín."

Mo bi í bóyá ojú náà á padà bọ̀ sípò. Ó ní ó lè padà, ó sì lè máà padà. Bí ẹ̀jẹ̀ mi bá ṣe wálẹ̀ sí ni, tí kò bá sì wálẹ̀, ojú kejì lè tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ náà yé mi dáadáa. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn fún wa ní ṣọ́ọ̀bù ní rọ́bà gígùn kan. Tí o bá gbé agbára rẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, rọ́bà náà kì í bẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ le, kò ní ṣeé tẹ̀ mọ́, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jò níbi tó tín-ínrín jù. Rọ́bà tèmi ti ń jò nìyẹn, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń ta òmíràn.

Wọ́n fún mi ní oògùn méjì, wọ́n ní kí n má tíì fọ́n ọ̀dà, kí n sì jìnnà sí iyọ̀. Iṣẹ́ dúró, ìnáwó kò dúró. Aṣọ ọmọdé tí Sìkírátù ń tà ní Ẹ̀gbẹ́dá ló gbé ilé wa ró lásìkò náà. Síbẹ̀ ìmọ̀ràn ló fẹ́ pa wá ju ìnáwó lọ. Kò sẹ́ni tó wá kí mi tí kò ní ohun tó wo ọkọ àbúrò ẹnì kan sàn. Ọ̀gá gbogbo wọn ni Àǹtí Ràfátù, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, tó ń gbé ní Àgbàdo. Ó di àgbo sínú àwọn ìgò ńláńlá wá, ó ní oògùn tí wọ́n bá ní kí ènìyàn máa lò títí láé, ẹ̀wọ̀n ni, kì í ṣe oògùn.

Sìkírátù kì í bá Àǹtí mi jiyàn. Lọ́jọ́ yẹn, ó kúnlẹ̀.

"Àǹtí wa, ẹ foríjì mí. Ohun tí ẹ bá ní kí wọ́n jẹ, wọ́n á jẹ ẹ́. Ohun tí ẹ bá ní kí wọ́n mu, a máa bi dókítà. Ṣùgbọ́n oògùn yìí, ẹ jọ̀ọ́, a ò ní fi í sílẹ̀."

Àgbo padà sí Àgbàdo. Àǹtí mi ní kò burú, omi ìṣápá ńkọ́? Ó ní òun ń gbọ́ ọ lórí rédíò pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. A bi dókítà. Ó ní ó lè ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má fi ṣúgà sí i, kí n má sì fi í rọ́pò oògùn.

Bí Àǹtí mi ṣe di ẹni tó ń se sóbò fún mi nìyẹn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni á wọ ọkọ̀ ní Àgbàdo, á bọ́ sílẹ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá, á tún wọ òmíràn, á gbé fláàsì ńlá kan wá sí Ìgàndó. Ìdérí fláàsì náà, tó dúdú, ni mo fi ń mu ún. Kò kan rárá. Ó yà mí lẹ́nu pé sóbò tí kò ní ṣúgà lè lọ lẹ́nu báyìí, mo sì ń yìn ín. Mo ń lo oògùn mi, ọbẹ̀ ilé wa kò ní iyọ̀, mo sì ń rìn láràárọ̀. Síbẹ̀ nígbà tí mo padà sí ọsibítù, 172 lórí 104. Mo tún padà lọ, 170 lórí 104.

Dókítà yíjú sí Sìkírátù, ó bi í bóyá ó dá a lójú pé iyọ̀ kò wọ ọbẹ̀. Omi lé ròrò sójú ìyàwó mi. Ó ní bí òun ṣe ń se ọbẹ̀ báyìí, ilé aládùúgbò ni àwọn ọmọ òun ti ń lọ jẹun.

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù tó ń bà mí wọ egungun. Àbàwọ́n ojú mi wà níbi tó wà. Ṣẹ́gun ń gba mọ́tò sílẹ̀ dè mí, ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé Alájì rìnrìn àjò. Ó tilẹ̀ gbìyànjú láti yá mi ní ojú. Mo po àwọ̀ méjì fún un wò lórí páálí, mo bi í pé èwo ló pọ́n jù. Ó wò ó títí.

"Méjèèjì ló pọ́n."

"Ṣẹ́gun, èwo ló pọ́n jù, mo ní."

"Alájì, sáà tètè wò sàn jàre. Iṣẹ́ yìí kò gba èmi."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, fláàsì Àǹtí mi já bọ́ ní Abúlé Ẹ̀gbá, inú rẹ̀ fọ́ yángá. Ó gbé ìṣápá gbígbẹ dé ilé wa, ó ní níbí ni òun máa ti sè é. Bí ó ṣe di pé mo bá a nídìí abọ́ funfun nìyẹn, tí mo sì rí ohun tí dúdú ìdérí fláàsì ti ń fi pa mọ́ fún mi.

Mo bi í pé kí ni kán-ún wá ń ṣe nínú sóbò.

"Kí kíkan rẹ̀ lè lọ ni," ló wí. "Dókítà yín ní kò gbọdọ̀ sí ṣúgà. Báwo lo ṣe máa rí i mu? Bí ìyá wa ṣe máa ń fi kán-ún bọ ìṣápá náà ni mo ṣe ṣe é."

Ẹni tó bá dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ìṣápá funfun tí a fi ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, kán-ún la fi ń bọ̀ ọ́, a ó da omi rẹ̀ nù, a ó fọ̀ ọ́ títí kíkan rẹ̀ á fi lọ. Mo bu kán-ún náà tọ́ wò. Nísàlẹ̀ ìtọ́wò rẹ̀, níbi tí n kò kíyè sí rí, iyọ̀ wà níbẹ̀. Mo ní kí Àǹtí mi náà tọ́ ọ wò. Ó tọ́ ọ, ó sì gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Àkànní, ṣé ohun tí o fẹ́ sọ ni pé èmi ni mò ń pa ọ́?"

Sìkírátù wo ilẹ̀. Mo rántí gbogbo ọkọ̀ tí obìnrin yìí ti wọ̀ nítorí mi.

"Ẹ̀yin kọ́, Àǹtí mi. Ọbẹ̀ ni ìyá wa ń sè, ẹ̀yin ń se oògùn. Ẹ wá wò ó."

Mo wọ́n kán-ún sí i, pupa lọ. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, pupa padà. Àǹtí mi tẹ̀ ba abọ́ náà, ó wò ó, ó ní kí n tún un ṣe.

"Ṣé pupa yẹn gan-an ni oògùn?" ló wá bi mí.

Mo ní n kò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó lè kú báyìí, tó tún lè jí báyìí, kò lè jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán.

A kó ọ̀rọ̀ náà lọ bá dókítà. Ó fa àga sún mọ́ wa. Ó ní ọmọ ìyá kan náà ni kán-ún àti iyọ̀, ohun tó ń yọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu nínú iyọ̀ wà nínú kán-ún pẹ̀lú. Ó bi wá bóyá a ń fi í sí nǹkan mìíràn. Sìkírátù fi ọwọ́ bo ẹnu. Kán-ún wà nínú ẹ̀wà, ó wà nínú ilá, ó wà nínú ewédú. Iyọ̀ ni wọ́n ní ká fi sílẹ̀, a sì fi í sílẹ̀ tọkàntọkàn. Kò sí ẹni tó ka kán-ún mọ́ iyọ̀ nínú wa.

Mo wá bi í nípa pupa náà. Ó ní àwọ̀ tí igi àti ewé fi ń dáàbò bo ara wọn ni, pé tí a bá jẹ ẹ́, ó máa ń ran awọ inú òpó ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kí ó lè dẹ̀, kí ọ̀nà sì là fún ẹ̀jẹ̀. Ó ní kí n má gbàgbé pé ìrànlọ́wọ́ ni, kì í ṣe ọ̀gá. Oògùn ni ọ̀gá.

Mo kúrò níbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fún ní nǹkan ìṣeré. Mo ra àwọn abọ́ funfun kéékèèké, mo to wọ́n sórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ohun tó bá ti ní àwọ̀, mo rẹ ẹ́, mo sì fi kán-ún àti ọsàn wẹ́wẹ́ dán an wò. Èèpo àlùbọ́sà pupa di àwọ̀ ewé. Èèpo ìgbá elésè àlùkò yí padà bíi ti ìṣápá. Ewùrà tí inú rẹ̀ pọ́n náà yí. Tẹ̀tẹ̀ pupa kò tètè yí. Ó dúró gbọnin títí kán-ún fi pọ̀, ìgbà tó sì máa yí, ó ń lọ sí pupa rúsúrúsú. Mo mọ̀ pé ìdílé tirẹ̀ yàtọ̀. Ata rodo àti tòmátò ńkọ́? Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Kàkà bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo da òróró sí wọn, pupa wọn gun orí òróró lọ, omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́.

Mo pariwo pe Ṣẹ́gun. Oríṣi ọ̀dà méjì ló wà ní ayé: ọ̀dà olómi àti ọ̀dà olóróró. Gbogbo ayé mi ni mo ti fi mọ ìyẹn, n kò sì mọ̀ pé Ọlọ́run ti pín ti oúnjẹ náà bẹ́ẹ̀. Pupa ìṣápá, olómi ni: omi ló ń bá lọ, ẹni tó bá da omi rẹ̀ nù, ó ti da àwọ̀ rẹ̀ nù. Pupa ata, tòmátò àti epo pupa, olóróró ni: ó nílò òróró díẹ̀ kó tó lè jáde. Ṣẹ́gun wo tábìlì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Èmi rò pé ojú ló ń dùn ọ́," ló wí.

Dókítà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, ó ní òótọ́ ni, bí wọ́n ṣe pín wọn náà nìyẹn. Inú mi dùn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Bí mo ṣe ń ṣe sóbò mi rèé. Mo máa ń fi omi tútù ṣan ìṣápá pupa gbígbẹ kíá, kí iyanrìn lè lọ kí àwọ̀ má sì lọ. Mo da omi gbígbóná lé e, mo dé e, mo fi í sílẹ̀ títí yóò fi tutù. N kò sè é pẹ́ lórí iná. Mo ti dán an wò, tí ó bá hó jù, pupa rẹ̀ á ṣá. Atalẹ̀ díẹ̀ àti èso dàbínù dídùn kan tí mo rẹ sínú rẹ̀ ló dín kíkan rẹ̀ kù. Ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́, mo sì ń fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀ nítorí eyín. Abọ́ funfun tàbí ife gíláàsì ni mo fi ń mu ún. N kò tún fi ohun tó dúdú mu nǹkan mọ́.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ gbọ́ mi dáadáa. N kò sọ pé sóbò ló wò mí sàn. Oògùn mi ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi, n kò sì fi í sílẹ̀ rí. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún, ẹ sọ fún dókítà yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn mìíràn àti ẹ̀yin aboyún. Tí wọ́n bá sì ní kí ẹ fi iyọ̀ sílẹ̀, ẹ wo inú ìkòkò ẹ̀wà yín.

Lẹ́yìn tí kán-ún kúrò nílé wa, ẹ̀jẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. 158. Lẹ́yìn náà, 146. Àbàwọ́n ojú mi kọ́kọ́ fẹ́lẹ́, ó wá dà bí èéfín, títí ó fi di pé mo ní láti wá a kí n tó rí i. Dókítà ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, mo sì ra ìbòmú tó dáa. Mọ́tò àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá, bí ẹ bá máa gbà mí gbọ́, àwọ̀ sóbò ni. Àwọ̀ yẹn ló nira jù láti bá mu. Mo fi ojú ọ̀tún nìkan pò ó. Oníbàárà rìn yí mọ́tò rẹ̀ ká, kò mọ ibi tí wọ́n kùn. Ṣẹ́gun mọ̀, nítorí òun ló nà án, ṣùgbọ́n kò lè tọ́ka sí i.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ sí ọsibítù kẹ́yìn. Àǹtí Ràfátù bá mi lọ. Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹni tó bá ń ta sóbò ní Abúlé Ẹ̀gbá ló ti fi bí pupa ṣe ń kú, tó tún ń jí, hàn. Lórí bẹ́ǹṣì, ó ti sọ ìtàn kán-ún fún ìlà iwájú, ó ti sọ ọ́ fún ìlà ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó fi sí ààyè mi.

Dókítà wo ẹ̀yìn ojú mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó jò ti gbẹ tán, kò sì sí òmíràn tó jò. Ó ní kí n fi ọwọ́ bo ojú òsì, kí n ka ohun tó wà lára ògiri. Mo kà á dé ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá. Nọ́ọ̀sì di nǹkan mọ́ apá mi kan, ó tún dì í mọ́ ìkejì, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kí mi.

Nígbà tí mo jáde, gbogbo bẹ́ǹṣì ló gbójú sókè. Àǹtí mi kò dúró kí n dé ọ̀dọ̀ òun.

"Mélòó, Àkànní?"

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́fà," ni mo wí, "lórí méjìdínlọ́gọ́rin."